Ẹ̀rọ Tí Yóò Bá Oyèbánjí Rántí

Ẹ wo Oyèbánjí kí àìsàn tó dé! Akọ̀wé ni nílé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀sán Sátidé, tó jókòó sí pálọ̀ rẹ̀ ní Erunmu, tó gbé dáìsì lúdò sórí tábìlì, odindi ìlú á máa jáde lẹ́nu rẹ̀. Òun ló kó eré náà wá fún wa. Oníkálukú á di ẹnì kan nínú ìtàn: Alimat nọ́ọ̀sì di ọdẹ, Títíladé ìyàwó Oyèbánjí di ìyálọ́jà, èmi Jàmíù, tíṣà tí eku lásán ń lé sórí àga, èmi ni jagunjagun. A ó sọ ohun tí a fẹ́ ṣe, a ó da dáìsì, Oyèbánjí á sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Kò kọ nǹkan kan sílẹ̀ rí. Gbogbo ìlú, gbogbo odò, gbogbo ìjà wa, orí rẹ̀ ló wà.

Lọ́dún 1997 ni àrùn rọpárọsẹ̀ gbé e dálẹ̀. Ó dìde padà o, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ ti di ajere. Ó di ọwọ́ mi mú lọ́jọ́ kan.

"Jàmíù, bí mi ò bá lè sọ ìtàn yìí mọ́, kí ló tún kù nínú mi?"

Ni a bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹ̀rọ tí yóò bá a rántí. Alimat ra dáyárì oníbátìrì kan bọ̀ láti Gbági, èyí tó ń ṣí bíi pọ́ọ̀sì. A tẹ ọjà kan àti ènìyàn bíi mélòó kan sí i, ó ké fíìn, ó ní òun ti yó.

"Alimat," mo ní, "ọmọ ìkókó ju èyí lọ nídìí oúnjẹ."

"Ẹ gbé tiyín wá ká rí i, jagunjagun!"

Tèmi ni rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì. Oyèbánjí wò ó tìkà-tẹ̀gbin. "Tí mo bá fẹ́ mọ ibi tí Alimat ti pa erè, ṣé mo máa kọ́kọ́ gbọ́ ikọ́ tìẹ títí ilẹ̀ á fi ṣú ni?"

Ó ku kọ̀ǹpútà. Ilé ìwádìí ti fún un ní ògbólógbòó kan. Ó wà ní igun pálọ̀, Títíladé sì ti da léèsì bò ó bí ìyàwó tuntun. Ọ̀nà méjì ló wà nínú rẹ̀. Ìkan dà bí ìwé téèyàn ń fi kọ lẹ́tà. Èkejì pín sí yàrá kéékèèké bí afárá oyin, tí o bá sì tẹ orúkọ ẹnì kan sí i, gbogbo ohun tí ẹni náà ti ṣe á jáde. Ìyẹn la yàn. Títíladé ti ṣe táípíìsì rí ní Akanran, òun ló ń tẹ̀ ẹ́. Àwa ń rántí, ó ń tẹ̀.

Sátidé tí a fẹ́ lò ó dé, NEPA kò sì mú iná lọ, bí ẹni pé wọ́n gbọ́.

"Ẹ ti dé etí odò," Oyèbánjí wí. Ohùn rẹ̀ ti padà! "Orúkọ ẹni tó ń wa ọkọ̀ ojú omi yẹn ni... Àkànbí."

Ó fi ìka kan tẹ Àkànbí. Ẹ̀rọ ní òun kò rí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó tún un tẹ̀. Kò sí.

Ojú Oyèbánjí rẹ̀ wálẹ̀. "Mo ti ń dá ẹni tí kò sí sílẹ̀. Ẹ wá ẹlòmíì tó máa sọ ìtàn fún yín."

"Àkànbí wà!" Èmi àti Alimat ló pariwo pọ̀.

"Ara ẹ̀rọ yá. Èmi lara mi ò yá."

Títíladé sáré jáde láti kíṣìnì tòun ti síbí ọbẹ̀. "Kí lẹ ń wá?"

"Àkànbí! Ìyá Múyì, ẹ ò tẹ Àkànbí sí i ni?" Alimat bi í.

"Háà! Ṣé kí n máa pe ọkọ mi lórúkọ ni?"

Orúkọ àwọn ará ilé rẹ̀ ni Oyèbánjí fi sọ gbogbo èèyàn inú ìtàn, Àkànbí sì ni àbúrò tó tẹ̀ lé e gan-an. Ìyàwó ilé kì í pe ọmọ tó bá nílé ọkọ lórúkọ. Láti ọjọ́ tí Títíladé ti wọlé, Adúmáadán ló ń pè é. Adúmáadán náà ló tẹ̀.

"Nínú kọ̀ǹpútà!" mo pariwo.

"Ẹnu mi ò lè pè é, ṣé ìka mi ló máa wá pè é?"

Ẹ̀rín sọ Alimat lulẹ̀ lórí àga. Oyèbánjí ń lu tábìlì. "Orí mi pé! Ẹ gbọ́ o, orí mi pé!" Ó tẹ Adúmáadán, ni gbogbo rẹ̀ bá ń tú jáde: ọjọ́ tó wà wá kọjá láàárín ọ̀nì, ọjọ́ tí mo bì sínú ọkọ̀ rẹ̀. Ó ń kà á sókè, à ń rẹ́rìn-ín, inú wa sì dùn débi pé kò sẹ́ni tó rántí ohun tó wà nísàlẹ̀ pátápátá.

"Adúmáadán kú," ló kà. "A sin ín sí etí odò."

Lọ́dún tó ṣáájú àìsàn ni mọ́tò pa Àkànbí àbúrò Oyèbánjí gan-an lọ́nà Ìrókò. Lẹ́yìn ìsìnkú, Oyèbánjí fúnra rẹ̀ ló sọ fún wa pé atukọ̀ náà ti kú, a sì sin ín nínú eré. Títíladé tẹ̀ ẹ́ bí a ṣe sọ ọ́.

Oyèbánjí wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. "Àkànbí kú?"

Alimat kó dáìsì kúrò lórí tábìlì.

"Nínú eré ni, àbí?"

Títíladé kúnlẹ̀. "Bàbá Múyì..."

"Nínú eré ni, Títí, àbí?"

Ó sunkún àbúrò rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ fún. Wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ fún un ni.

Nígbà tí Sátidé mìíràn fi dé, ó ti gbàgbé. "Ẹ ti dé etí odò," ó wí, ó na ìka sí ẹ̀rọ. Títíladé fa wáyà yọ.

"NEPA ti mú un lọ," ló wí, fáànù sì ń yí lókè orí wa.

Oyèbánjí gbójú sókè wo fáànù. 

"Ẹ sọ ọ́ láti inú orí yín, Bọ̀dá," Alimat bẹ̀ ẹ́. "Ibi tó bá dé ló dé."

Ó sọ ọ́. Ìlú kan wọnú òmíràn, erè tí a ti pa jí dìde, ìyálọ́jà di ìyá mi. A kò tún un ṣe. Odò tí a ti rékọjá tipẹ́ ló tún mú wa dé. Alimat da dáìsì. Oyèbánjí yí ohùn padà, ó di ohùn Àkànbí, bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nímú nígbà ayé rẹ̀ gẹ́lẹ́.

"Ẹ wọlé, ẹ jókòó sí àárín. Ọkọ̀ yìí ń mì."

"A ti jókòó o," Títíladé dáhùn. "Ẹ máa wà á lọ."