Àwòrán Kì í Ṣe Dandan

Káfíńtà ni bàbá ọkọ obìnrin kan, òun fúnra rẹ̀ sì ń fi kíkọ ètò kọ̀ǹpútà jẹun. Ó kọ ètò kan fún bàbá náà: ẹ ó tẹ ìwọ̀n kọ́bọ́ọ̀dù tí ẹ fẹ́ kàn sínú rẹ̀, ètò náà á sì sọ bí ẹ ó ṣe rẹ́ pákó tí kò fi ní ṣòfò. Ó gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì kí àwọn káfíńtà mìíràn náà lè rí i lò.

Ṣùgbọ́n ètò kékeré yìí kì í dá rìn. Apá kan nínú rẹ̀ ń ya àwòrán pákó, apá yẹn gbára lé ètò ẹlòmíì, ìyẹn náà tún gbára lé òmíràn, bí àlejò ẹyọ kan tó kó ẹbí ìyá àti ti bàbá dání. Kọ̀ǹpútà ògbólógbòó inú ṣọ́ọ̀bù bàbá gbìyànjú títí, ó dákú.

Ọ̀gá obìnrin náà níbi iṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní Bó-bá-ṣẹlẹ̀-ńkọ́, ní kó má yọ ohunkóhun. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá, ó sì yọ apá tó ń yàwòrán kúrò. Ó sọ àwòrán di àfikún: ẹni tó bá fẹ́ ẹ á béèrè, ẹni tí kò fẹ́ á gba ìṣirò nìkan. Ó dán an wò lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ó ṣiṣẹ́ geere, ó gbé e síta, ó jókòó ti oúnjẹ ọ̀sán.

Kò tíì bu òkèlè kan tí fóònù fi dún.

"Ìyàwó mi," bàbá ọkọ rẹ̀ ní, "ṣé mo ṣẹ̀ ẹ́ ni?"

Ó ní rárá o.

"Ẹ̀rọ yìí ní òun ò rí nǹkan. Kò sọ nǹkan ọ̀hún. Ó sì pa dé."

Ó gba ṣọ́ọ̀bù lọ. Bàbá fi fìlà gbọn lẹ́búlẹ́bú pákó kúrò lórí àga fún un. Bó ṣe ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà, ó rí ibi tí òun ti ṣàṣìṣe. Ó ti sọ fún gbogbo ayé pé àwòrán kì í ṣe dandan, ó gbàgbé láti sọ fún ètò náà fúnra rẹ̀. Kí ètò náà tó ṣe ohunkóhun, ó ń kọ́kọ́ ké sí ayàwòrán, ìyẹn apá tó ń ya àwòrán. Bí ìyẹn ò bá jẹ́ ìpè, ètò ṣubú. Lórí kọ̀ǹpútà obìnrin náà, ayàwòrán ti wà nílé tipẹ́, ó ń jẹ́. Afẹ́fẹ́ ti fẹ́ wàyí, a ti rí fùrọ̀ adìyẹ.

Ó ṣàlàyé fún bàbá. Bàbá gbọ́ ọ tán.

"Nígbà tí mi ò ní kó yàwòrán, kí ló ń pè é fún?"

Ó ní òun lòun ní kó máa pè é. Bàbá mirí, ó padà sídìí ayùn rẹ̀. Ì bá sàn kó bínú.

Obìnrin náà gbé ìpè náà lọ síbi tí èèyàn ti ń tẹ̀ ẹ́ pé òun fẹ́ àwòrán. Ó wá kọ ohun tí ètò máa sọ bí ayàwòrán kò bá sí níbẹ̀: *Àwòrán kò sí. Lọ gbà á.* Bàbá, tó ti dé ẹ̀yìn rẹ̀, wúkọ́. Ó béèrè pé ta ló ń bá wí. Ìyàwó pa á rẹ́, ó tún un kọ: *Ẹ jọ̀ọ́, apá tó ń yàwòrán kò sí níbí. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ, ẹ tẹ ibí yìí. Bí ẹ ò bá fẹ́ ẹ, iṣẹ́ yín ń lọ.*

"Ó ti lẹ́kọ̀ọ́," bàbá ní.

Lórí kọ̀ǹpútà bàbá, tí kò ní ayàwòrán nínú, ló ti dán an wò lọ́tẹ̀ yìí. Ìṣirò jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó gbé e síta.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá rẹ̀ béèrè pé bí ẹnì kan bá wá nílò àwòrán ńkọ́. Ó ní á béèrè. Ọ̀gá ní bí kò bá mọ̀ pé ó lè béèrè ńkọ́. Ó ní ètò á sọ fún un. Ọ̀gá lọ po tíì.

Káfíńtà òdìkejì títì, ọ̀rẹ́ bàbá, gba ti ẹ̀ pẹ̀lú àwòrán, nítorí kọ̀ǹpútà tuntun ló ní. Láti ìgbà náà ni àwọn méjèèjì ti ń jiyàn, olúkúlùkù ní tòun ló pé. Wọ́n ní kí ìyàwó wá dájọ́. Ó ní méjèèjì ló pé. Ìdájọ́ náà kò tẹ́ ẹnì kankan lọ́rùn.