Iná Ìgbẹ́ Màlúù ní Òwu

Sìlífátù kò jókòó. Ó gbé abọ́ mọ́ínmọ́ín tí Alájà Bùsírátù fi ṣọwọ́ sí i fún ìṣínu àná kalẹ̀, kò fọwọ́ kàn án. Ó ní òun gbọ́ pé ìgbẹ́ màlúù ni wọ́n fi dá iná rẹ̀.

Alájà rẹ́rìn-ín sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú. Ó ní gáàsì ni, ọmọ òun ló ṣe é. Ó wá wo ọmọ náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Sàlàhúdíìnì, tí ń kọ́ni ní iṣẹ́ ẹ̀rọ ní yunifásítì, tí gbogbo Òwu fi ń yangàn. Ọ̀jọ̀gbọ́n tẹjú mọ́lẹ̀. Ẹ̀rín kú lẹ́nu ìyá rẹ̀.

Ọkùnrin yìí mọ̀wé, àmọ́ ó lójo díẹ̀. Nígbà tí kẹrosíìnì wọ́n bí ojú lọ́dún 1984, ó gbẹ́ kòtò sẹ́yìnkùlé ìyá rẹ̀, ó po ìgbẹ́ màlúù mọ́ omi sínú rẹ̀, ó dé e pa, ó sì fi páìpù fa gáàsì tó ń ti ibẹ̀ jáde wọ ilé ìdáná. Iṣẹ́ tó gbé e dé òkè òkun tó sì gbé e padà wálé nìyẹn: iná tí kò ní máa ta èéfín sí àwọn ìyá lójú. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ ti sọ pé bí kò bá rí ìdílé kan tó ń lò ó, kí ó pa á tì. Ilé ìyá rẹ̀ nìkan ló ní. Ìdí nìyẹn tó fi ń ru ìgbẹ́ wọlé nígbà tí Alájà bá wà ní mọ́ṣáláṣí.

Nígbà tí Sìlífátù lọ, Ọ̀jọ̀gbọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ má bínú, ìyá mi. Mo rò pé bí ẹ bá mọ̀, ẹ ò ní jẹ ẹ́ ni."

"Ta ló sọ fún ẹ? Màlúù tí à ń jẹ ẹran rẹ̀, ìgbẹ́ rẹ̀ kì í ṣe nájísì, kì í sọ nǹkan di aláìmọ́. Ilé kéú ni mo ti kọ́ ìyẹn kí n tó bí ẹ. O ò bi mí léèrè. O wá sọ mí di òpùrọ́ lójú Sìlífátù."

Ó dun ọmọ náà dé ọkàn, nítorí kò sí ẹni tó fẹ́ràn tó obìnrin yìí láyé. Ó béèrè bóyá kí òun yọ páìpù náà. Alájà wé ìborùn rẹ̀, ó ní kí ó dìde, odò ẹran tí wọ́n ti ń pa màlúù ni àwọn ń lọ, ní ọ̀sán gangan.

Bí wọ́n ṣe ń bọ̀, Alájà ló wà níwájú, ó ń kí ará ilé gbogbo. Ọmọ rẹ̀ ru garawa ìgbẹ́ tẹ̀lé e, òùngbẹ ààwẹ̀ ń gbẹ ẹ́. Ìgbẹ́ ò kúkú mọ̀ pé ọ̀jọ̀gbọ́n ló ru òun. Lẹ́nu ọ̀nà Sìlífátù, Alájà dúró, ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. Sìlífátù jáde síta.

Sàlàhúdíìnì di garawa mú dáadáa.

"Ẹ kú ọ̀sán, ìyá wa. Ìgbẹ́ màlúù ni mo rù yìí. Irú rẹ̀ la ó fi dáná oúnjẹ ìṣínu lónìí, mo sì fẹ́ kí ẹ wá bá wa jẹ ẹ́."