Ẹ̀yìn Ẹni Tó Ń Wo Odò

Orí òfì ni mo wà láàárọ̀ ọjọ́ tí ọmọbìnrin náà dé. Ọdún Bíhù ti kù sí dẹ̀dẹ̀, mo sì ń sáré kí aṣọ Vrajlal, àlejò mi ọdọọdún, má bàa di ohun tí ọdún yóò bá lórí òfì. Kò sí obìnrin Gúwáhátì, ìlú wa, tí kò mọ̀ ọ́n: bí Bíhù bá ti ń bọ̀, a ó hun gàmósà, aṣọ funfun olódòdó pupa létí. A ó hun ún fún bàbá ẹni, fún ẹ̀gbọ́n ẹni, fún àlejò tó ti pẹ́ lọ́dọ̀ ẹni tó fi di ẹbí. Ẹni tí wọn kò bá hunṣọ fún lọ́dún Bíhù, àfi bíi pé kò lẹ́nìkan láyé.

Mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Mo rò pé òun ni. Mi ò tíì gbójú sókè tí mo fi ń wí pé, "Ẹ mà tètè dé lọ́dún yìí, Vrajlal! Ṣé òǹgbẹ odò ló ń gbẹ yín ni?"

Ọmọge kan ló dúró níbẹ̀, báàgì léjìká, eruku ọkọ̀ ojú irin lára. Kò kí mi. Ó ki ọwọ́ bọ báàgì, ó fa aṣọ kan yọ, ó nà án sí mi bí ẹni tó di ìrù ejò mú.

"Ṣé ìwọ lo hun èyí?"

Ọmọ tí mo lè bí, ó ń pè mí ní ìwọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ ẹni kì í ṣàjèjì sí ojú ẹni. Mo mọ aṣọ náà. Ọdún tí omi wọ ilé ìdáná mi ni mo hun ún, mo sì ṣi òdòdó kan hun létí rẹ̀.

"Èmi ni. Níbo lo ti rí i?"

"Nínú àpótí bàbá mi. Wọ́n pọ̀ níbẹ̀. Ó ká wọn léraléra, kò fi ọ̀kan nu ojú rí. Bàbá mi ti kú. Ìyá mi ló rán mi. Ó ní kí n wá wo ojú obìnrin tó hun ún."

Ọkọ̀ ìhunṣọ bọ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹrù méjì ló sọ̀ lé mi lórí pọ̀, ikú àti ẹ̀sùn. Èwo ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sunkún sí?

"Ìgbà wo ni?"

"Kí òtútù tó ká kúrò nílẹ̀. Orí ìjókòó ni ọkàn rẹ̀ ti dúró."

"Olúwa, tẹ́ ibi rere fún un," ni mo wí, nítorí a kì í gbọ́ ìròyìn òkú ká má fi àdúrà sìn ín. Mo wo ojú rẹ̀ dáadáa. Ìpéǹpéjú bàbá rẹ̀ ló wà níbẹ̀. "Kinnari ni ọ́, àbí? Ìwọ tí o mọ ìṣirò ju àwọn olùkọ́ rẹ lọ. Ó ń sọ ọ́ fún wa."

Ó yà á lẹ́nu. Mo fà á wọlé, mo gbé támúlù, èso bí obì tí a ń fi ewé wé jẹ, síwájú rẹ̀ bí a ti ń ṣe fún àlejò. Kò fọwọ́ kàn án.

Opó ni mí. Nígbà tí ọkọ mi kú, yàrá tó kọjú sí odò ni mo ń fi háyà fún àlejò láti rí owó jẹun. Àwọn tó ń wá ra tíì ní ọjà gbàǹjo ló ń gbà á. Wọ́n á dé, wọ́n á tọ́ tíì wò lẹ́nu, wọ́n á tutọ́ rẹ̀ dànù, wọ́n á nájà, wọ́n á lọ. Vrajlal wá láti Rajkot, ìlú gbígbẹ kan ní Gujarat, tó jìnnà sí wa ní ìwọ̀ oòrùn. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé, ó dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, ó wo odò Lúìtì láti ìhín lọ sí ọ̀hún, ó wá bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ta ló ń ṣọ́ omi yìí?"

Mo rẹ́rìn-ín títí ìbàdí fi ń ro mí. Ta ní í ṣọ́ odò? Ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín. Ó ní níbi tí wọ́n bí òun sí, ọkọ̀ ló ń gbé omi wá, ìyá òun a sì máa bá àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ jà tìjàtìjà nítorí korobá kan. Láti ọjọ́ náà, bó bá ti kúrò ní ọjà gbàǹjo, orí àga ọparun tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni. Á jókòó, á máa wo omi bí aboyún ti ń wo oṣù.

Kinnari tún bẹ̀rẹ̀. "Níbi òkú rẹ̀ ni ọ̀gá rẹ̀ ti sọ fún wa pé ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti nílò láti wá síbí. Inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ra tíì báyìí. Ó ní ìsinmi rẹ̀ ni bàbá mi fi ń wá, owó ara rẹ̀ ló sì fi ń wọkọ̀. Àwa rò pé iṣẹ́ ni. Kí ló wá ń wá níbí? Ìyá mi ṣí àpótí, ó rí àwọn aṣọ yìí. Obìnrin kì í fi ọwọ́ hunṣọ fún ọkọ ọlọ́kọ lásán, ohun tó sọ nìyẹn. Ó yí àwòrán bàbá mi kọjú sí ògiri. Kò fi òdòdó kọ́ ọ lọ́rùn bí a ti ń ṣe fún àwòrán òkú. Ó ní títí òun yóò fi mọ orúkọ obìnrin náà, òdòdó kankan kò ní kan ọrùn yẹn."

Òkú tí kò ní òdòdó lọ́rùn, tí ojú rẹ̀ wà lára ògiri nínú ilé tí òun fúnra rẹ̀ kọ́! Ohun tí mo fọwọ́ mi hun ló fà á. Ohun tí a fi ń bọlá fúnni níbí ni wọ́n kà sí ẹ̀rí àlè níbòmíràn.

Kí n tó rí ọ̀rọ̀ sọ, Moniram ti ń pariwo bọ̀ láti ìsàlẹ̀. Ẹja ló ń tà létí odò; òun àti Vrajlal kì í ríra wọn kí wọ́n má fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí Vrajlal kì í fẹnu kan ẹran, kì í fẹnu kan ẹja.

"Labanya o! Wọ́n ní àlejò wọlé yín. Ṣé ewúrẹ́ Gujarat ti dé ni? Sọ fún un pé mo ní ẹja tó tóbi ju ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ lọ! Kó wá fi ewébẹ̀ rẹ̀ bá a jà!"

Ó yọ sí wa tòun ti agbọ̀n rẹ̀. Ó wo ojú mi, ó wo ojú ọmọ náà, ó wo aṣọ tó wà láàárín wa.

"Ọmọ Vrajlal nìyí," ni mo wí. "Ó ti lọ, Moniram."

Àgbà ọkùnrin náà rọra gbé agbọ̀n kalẹ̀. "Ewúrẹ́ mi?" Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ewúrẹ́ mi ti kú, tí n kò gbọ́?"

Kinnari kò jẹ́ kó sunkún tán. "Bàbá, ẹ̀yin ni àgbà. Ẹ má purọ́ fún mi. Kí ló wà láàárín bàbá mi àti obìnrin yìí?"

Moniram wò mí, ẹ̀rín àti omijé bọ́ pọ̀ lójú rẹ̀. "Labanya kẹ̀? Ọmọ mi, wo àga yẹn. Odò ló kọjú sí, ilé ló kẹ̀yìn sí. Obìnrin yìí a gbé tíì wá, á gbé pítà, àkàrà ìrẹsì ọdún, wá, á dúró lẹ́yìn rẹ̀ bí òpó ilé. 'Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n,' ni yóò wí. Kò ní yí ọrùn! Mo máa ń sọ fún Labanya pé bí ilé bá ń jó lẹ́yìn ọkùnrin yìí, èéfín ló máa sọ fún un."

Òótọ́ ló sọ, ó sì dùn mí. Ní ọdún kan mo wọ aṣọ sílíkì mùgà tí ìyá mi fi sílẹ̀ fún mi, èyí tó ń dán bí òróró, mo sì gbé tíì lọ bá a ní ìrọ̀lẹ́. Ó ní, "Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n." Oòrùn ń wọ̀ sínú odò lákòókò náà. Mo dúró díẹ̀, mo padà sí ilé ìdáná.

"Kí ló wá ń ṣe níbí?" ni Kinnari bi í.

"Ó ń gbádùn ara rẹ̀! Bíhù tó kọjá, mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọkùnrin kì í wo odò lọ́dọọdún kó má wọ̀ ọ́. Ó bọ́ bàtà, ó wọ̀ ọ́ tòun ti ṣòkòtò rẹ̀! Ó ń fọwọ́ méjèèjì bu omi dà sórí, ó ń ké pé, 'Ẹ wò ó, mo ń fi ṣòfò! Mo ń fi omi ṣòfò!' Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ṣubú. Èmi ni mo fà á jáde."

"Kì í ṣe bàbá mi nìyẹn," ni Kinnari wí. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Bàbá mi kì í rẹ́rìn-ín. Á jẹun, á ka ìwé ìròyìn, á sùn. Bí mo bá gba ipò kìíní, á ní, 'Ó dáa.' Ó dáa náà nìyẹn."

Ó dìde, ó lọ jókòó sórí àga ọparun náà. Odò wà níwájú rẹ̀ gbalasa, àwọn ọkọ̀ ojú omi kéékèèké lórí rẹ̀ bí èèrà lórí ẹní. Mo kí i nínú ọkàn mi bí ìyá mi ti máa ń kí i láàárọ̀: Lúìtì, akọ odò láàárín àwọn abo. Ọmọ Ẹlẹ́dàá tí í sọ̀ kalẹ̀ láti orí yìnyín. Ajẹko-má-tọrọ, agbálẹ̀-má-sanwó. O fún apẹja ní ẹja, o gba ọmọ apẹja. A bú ọ, a tún wá bu ọ́ mu. Bí Vrajlal bá wà lọ́dọ̀ rẹ, ṣe é jẹ́jẹ́.

"Ó sàn kó jẹ́ ẹ̀yin," ni Kinnari wí, kò yíjú padà. Ó ti ń fi ẹ̀yin pè mí. "Ká ní obìnrin ni, ìyá mi á mọ ẹni tó máa bú. Kí ni mo fẹ́ wí fún un? Pé àjò dùn mọ́ onílé ju ilé lọ?"

Ó pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù, ó sì jẹ́ kí gbogbo wa máa gbọ́ ọ. Ohùn obìnrin náà gbẹ bí ewé.

"O ti rí i? Ṣé ó lẹ́wà?"

"Màmá, wọ́n ti dàgbà."

"Mo ń gbọ́ o," ni mo wí. "Ẹ kú àṣẹ̀yìndè, Ìyá Kinnari. Ẹ̀gbọ́n ni ọkọ yín ń pè mí, bí ẹ̀gbọ́n ni mo sì ṣe hunṣọ fún un. Mo fi àtùpà tí mò ń tàn síwájú Olúwa ní ìrọ̀lẹ́ búra."

Ó wá bi mí ní ohun tí n kò retí.

"Ṣé ó máa ń rẹ́rìn-ín lọ́dọ̀ yín?"

Kinnari yíjú sí mi. Ó ń mi orí, ó ń fi ojú bẹ̀ mí pé kí n sọ pé rárá. Bí mo bá ní rárá, Vrajlal á jẹ́ oníbànújẹ́ níbi gbogbo, ọkàn opó rẹ̀ á sì balẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti fi àtùpà búra ṣáájú, mi ò lè fi ẹnu kan náà purọ́ mọ́ òkú.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni mo wí. "Ó máa ń rẹ́rìn-ín."

"Kí ló ń pa á lẹ́rìn-ín?"

"Odò ni, ìyá. Odò nìkan. Kì í ṣe ènìyàn."

"Korobá omi kan ni mo ń gbé pamọ́ fún un láràárọ̀ láti ọjọ́ tí mo ti wọlé rẹ̀. Bí omi bá wọ́n, èmi kì í wẹ̀, òun á wẹ̀. Kò sọ fún mi rí pé kò tó òun."

Moniram fi etí gàmósà ọrùn rẹ̀ nu ojú.

"Kinnari, gba aṣọ ọdún yìí lọ́wọ́ wọn," ni ìyá rẹ̀ wí lórí fóònù. "Bí o bá dé, a ó sọ àwòrán náà kalẹ̀ lára ògiri, a ó fi aṣọ yẹn kọ́ ọ lọ́rùn. Apá ibo ni odò yẹn wà sí ilé wa?"

"Ìlà oòrùn, Màmá."

"A ó gbé e sí fèrèsé ìlà oòrùn, kó kọjú síta. Kó máa wò ó lọ."

"Màmá, bó bá kọjú síta, ẹ̀yin ló máa kẹ̀yìn sí."

"Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo mọ̀ jù," ni ìyá rẹ̀ wí, ó sì pa fóònù.

Moniram gbé agbọ̀n rẹ̀, ó lọ láìpolówó. Mo padà sórí òfì, nítorí aṣọ náà kò tíì parí, Kinnari sì ní òun yóò dúró dè é. Odò kì í ṣàn kó bojú wẹ̀yìn. Mo fi ẹsẹ̀ tẹ òfì, mo ju ọkọ̀ ìhunṣọ, mo gbá òwú pọ̀. Nígbà tí mo gbójú sókè, ọmọ náà ṣì wà lórí àga ọparun. Ó ti tẹ̀ síwájú díẹ̀, èjìká ọ̀tún rẹ̀ lọ sílẹ̀ ju ti òsì lọ, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yìn tí mo mọ̀.

Mo sọ orí kodò, mo ń hunṣọ mi.