Ọ̀gá Ti Lọ Sílé

Títí kò retí pé aboyún ni yóò ṣílẹ̀kùn fún àwọn. Ohun tí Felix, dírẹ́bà ọkọ rẹ̀, sọ nígbà tó páàkì Pijó síwájú ilé náà ní Àpákun ni pé ibẹ̀ ni Ọ̀gá ń kó gìtá àti ẹ̀rọ orin sí. Gìtá wo ló ń lóyún?

"Ẹ kú ilé," ni Títí wí. "Ọlálérè olórin là ń wá. Ara ìyá wọn ò yá rárá, wọ́n sì ń pe orúkọ ọmọ wọn láti àárọ̀."

Obìnrin náà, Abíọ́nà lorúkọ rẹ̀, rọra kúnlẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ọkọ wa ò sí níbí. Wọ́n ní àwọn ń lọ sílé."

"Ilé la ti ń bọ̀."

Abíọ́nà wo Felix, Felix wo táyà mọ́tò. "Òṣòdì ni wọ́n máa ń pè nílé," ni Abíọ́nà wí, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Lọ́dọ̀ Ìyá Táíyé."

Nínú mọ́tò, Títí kò lè jókòó jẹ́ẹ́. Ó yí gíláàsì sílẹ̀, ó tún yí i sókè. Owó epo ti wọ̀lú, gbogbo ẹni tó ní òkú àgbà tàbí ọmọ tuntun ló ń pe olórin. Bí Ọlálérè bá wọlé láàárọ̀ tó ní òde ni òun ti ń bọ̀, Títí á pọnmi ìwẹ̀ fún un, á tún kí i kú iṣẹ́. Iṣẹ́ náà ló rí yìí.

"Felix, ilé mélòó ló kù?"

"Ẹ má bínú, Madáàmù. Ọ̀gá ló gbà mí síṣẹ́."

Láti ìgbà tí ìjọba ti ní kí gbogbo ọkọ̀ máa gba apá ọ̀tún, Felix ṣì máa ń gbàgbé bí ọkàn rẹ̀ ò bá lélẹ̀. Ó yà sósì, ọlọ́kọ̀ akẹ́rù kan sì fi gbogbo ìran rẹ̀ bú u. Títí kò tilẹ̀ gbọ́. Màmá, ìyá ọkọ rẹ̀, ló ń rò. Látìgbà tó ti dùbúlẹ̀, bí Títí bá ń fún un lóògùn, á ní kó má da ara rẹ̀ láàmú mọ́, ayé lọjà, ọ̀run nilé.

Ìyá Táíyé dàgbà ju Títí lọ dáadáa. Ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ni wọ́n bá a, nítòsí ojú irin Òṣòdì, kò sì dìde.

"Ìwọ ni ti Ìsọlọ̀," ló wí. "Ó jẹun níbí lánàá, ó ní òun ń lọ sílé. Ọ̀dọ̀ rẹ ni mo pè é."

"Ìyàwó Àpákun ní ọ̀dọ̀ yín ló wà, mà."

"Àpákun?" Ìyá Táíyé fẹsẹ̀ dá ẹ̀rọ dúró. "Ó tún wà ní Àpákun?"

Felix họrí. "Ó ku ọ̀kan ní Èjìgbò, Madáàmù. Ká lọ?"

Ó wu Títí kó dé Èjìgbò, kó fojú ara rẹ̀ rí i, kó ya aṣọ mọ́ ọn lọ́rùn. Àmọ́ aládùúgbò ló ní kó bá òun jókòó ti Màmá, bí nǹkan bá sì ṣe é lẹ́yìn òun ńkọ́?

"Gbé mi padà sí Ìsọlọ̀," ló wí.

Màmá ṣì ń mí. Oríkì ọmọ rẹ̀ ló fi béèrè rẹ̀: "Àkànní dé?"

"Wọ́n ń bọ̀, Màmá. Wọ́n ti ń bọ̀ wá sílé."

Ìyá arúgbó náà la ojú. "Ilé wo?"

Títí jókòó sétí ibùsùn. "Ẹ ti mọ̀, Màmá?"

"Èmi ni mo bí i. Ó dùn mí fún ọ, ìyàwó mi, mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ ni." Ó sinmi. "Ní kí Felix yà ní gbogbo ilé tó bá mọ̀. Kó má sọ pé ara mi ò yá, Àkànní ti gbọ́ ìyẹn tó. Kó sọ fún un pé èmi náà ń lọ sílé."

Títí jáde lọ jẹ́ iṣẹ́ náà bí wọ́n ṣe rán an gẹ́lẹ́. Felix ṣí fìlà. Ó ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn mọ́tò fún un.

"Ẹ ò bá mi lọ ni, Madáàmù?"

"Rárá," ni Títí wí. "Ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà nílé."