Ọ̀dà Tí Bertie Pò

"Bàbá, ẹ̀wù òtútù kì í dún báyìí."

Ramiro, olórí àwọn tó wá kó ẹrù, gbé páálí tí wọ́n kọ *Ẹ̀wù òtútù* sí lára súnmọ́ etí, ó tún mì ín lẹ́ẹ̀kan sí i. Nǹkan kan ń dún gbọ̀lọ̀gbọ̀lọ̀ nínú rẹ̀. Vernon Pasko tó ni ilé dúró lẹ́nu ọ̀nà gáréèjì rẹ̀ pẹ̀lú ife kọfí lọ́wọ́, ó ń wo ojú sánmà bí ẹni tó ń retí òjò.

"Ṣé kí n tú u ni, àbí ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa tú u?"

"Tú u. Ìwọ lọ̀bẹ wà lọ́wọ́ ẹ."

Ramiro la páálí náà. Súwẹ́tà obìnrin kan ló kọ́kọ́ yọ, pupa tó ti ń ṣá, wọ́n sì fi wé nǹkan bí ẹni wé ọmọ tuntun. Agolo ọ̀dà kan ló wà nínú rẹ̀, kò tóbi ju agolo mílíìkì ńlá lọ. Wọ́n ti fi bébà alẹ̀mọ́ dì í lẹ́nu yípo, wọ́n sì kọ ọ́ sí ara rẹ̀ pé: *Ilẹ̀kùn ọ̀tún. Vern, má fọwọ́ kàn án.*

"Bàbá, mo fún yín níwèé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọ̀dà, epo, bátìrì, gáàsì, gbogbo ohun tó lè gbiná, a kì í gbé e. Ẹ sì buwọ́ lù ú."

"Mo buwọ́ lù ú."

"Ẹ wá lọ fi súwẹ́tà wé e."

"Òtútù ló ń mú un," ni Vernon wí.

Ramiro fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó wo ojú bàbá náà, ẹ̀rín náà sì kú sí i lẹ́nu. Ó fi súwẹ́tà wé agolo náà padà bó ti bá a, ó sì gbé e lé e lọ́wọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ẹ má bínú sí mi, sà. Bí iná bá sọ nínú ọkọ̀ yẹn ní àárín Montana, ẹrù ilé mẹ́ta ló máa jó. Kì í ṣe tiyín nìkan."

Ọ̀rọ̀ náà tọ́. Vernon gbé agolo rẹ̀ wọnú gáréèjì, ó gbé e ka orí tábìlì iṣẹ́ tí kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀ mọ́.

Ó ti gbé ìlú Toledo fún ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta. Ní ìgbà ìwọ́wé tó kọjá ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ọkàn fún un, dókítà sì sọ fún Krista, ọmọ rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo, pé bàbá rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dá gbé ilé alátẹ̀gùn mọ́, kò gbọ́dọ̀ kó yìnyín lẹ́nu ọ̀nà mọ́, kò sì gbọ́dọ̀ wa ọkọ̀ lọ sí ọ̀nà jíjìn. Yakima ni Krista ń gbé, ní ìpínlẹ̀ Washington, ní òdì kejì orílẹ̀-èdè pátápátá. Bàálù ni Vernon yóò wọ̀ lọ síbẹ̀ ní Sátidé. Ẹrù ilé ń lọ lónìí Túsìdeè. Ọkọ̀ rẹ̀, Rambler ọdún 1964, ń lọ ní Tọ́sìdeè lórí ọkọ̀ ńlá tó ń ru àwọn ọkọ̀ mìíràn, àwọn oní-ìyẹn náà sì ti kìlọ̀ pé inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣófo. Ti bàálù kò tilẹ̀ ṣeé bi ẹnikẹ́ni. Agolo kékeré kan ṣoṣo, kò sí ọ̀nà tó lè gbà kúrò ní Toledo.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Vernon ti ń tún Rambler yìí ṣe. Ẹ́ńjìnnì ni tirẹ̀. Àwọ̀ ni ti Bertie, ìyàwó rẹ̀, tó fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n po ọ̀dà fún àwọn tó ń tún ara ọkọ̀ ṣe. Ẹ̀rọ máa ń sọ iye àwọ̀ tí wọn yóò fi sí i, Bertie náà á sì fi í síbẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò gbé e lọ sí ìta lábẹ́ oòrùn, yóò wò ó, yóò sọ pé irọ́ ni, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í kán tirẹ̀ sí i. Òun ló po àwọ̀ Rambler náà, àwọ̀ kan tó wà láàárín ewé àti omi adágún Erie ní òwúrọ̀. Gbogbo ara ọkọ̀ náà ló ní àwọ̀ yìí, àfi ilẹ̀kùn iwájú lọ́wọ́ ọ̀tún, tó jẹ́ aláwọ̀ eérú.

Ní oṣù kẹrin, ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, Vernon ń fi ẹ̀yìn wa ọkọ̀ náà jáde nínú gáréèjì. Fìlà Bertie jábọ́ sí ìta, Bertie ṣílẹ̀kùn láti hán an, òpó gáréèjì sì gbá ilẹ̀kùn mú. Ta ló jẹ̀bi? Wọn kò parí àríyànjiyàn yẹn. Otis, ọ̀rẹ́ wọn, lu irin náà títí ó fi tọ́, ó kun ọ̀dà eérú tí wọ́n fi ń ṣe ìpìlẹ̀ sí i. Bertie po ọ̀dà tòótọ́ láàárín ọjọ́ kan, ó dì í, ó kọ̀wé sí i lára. Mọ́ńdè ni wọ́n fẹ́ kùn ún. Ní Sọ́ńdè ikọ́ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló lò níbẹ̀, kò sì padà wá sílé.

Láti ìgbà náà, bí àwọn onífẹ̀ẹ́ ọkọ̀ àtijọ́ bá kóra jọ láàárọ̀ Sátidé lẹ́yìn ilé oníbúrẹ́dì, ẹnì kan á bi í pé, "Vernon, ìgbà wo ni ilẹ̀kùn yìí máa parí?" Òun á sì dáhùn pé ó ku díẹ̀.

Otis dé ní ọ̀sán láti wá kó ohun tí àwọn Ramiro kọ̀: epo ẹ́ńjìnnì, gírísì, bátìrì méjì. Ó ti pé ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́rin, ó sì ti fi ọgbọ̀n ọdún fọ́n ọ̀dà sára ọkọ̀ àwọn èèyàn.

"Mo gbọ́ pé àwọn aṣọ́bodè mú ọ," ni ó wí.

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Ọ̀gá tó ń kó ẹrù yẹn ni. Ó ní kí n bá ọ sọ̀rọ̀. Mo ní ó ti pẹ́ jù, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin kò ṣeé tọ́ mọ́."

Vernon na agolo sí i. "Bá mi tọ́jú ẹ̀."

Otis kò gbà á. "Di ìgbà wo?"

"Di ìgbà tí mo bá wá."

"Wàá wọ bàálù láti Yakima wá gba agolo, bàálù ọ̀hún ò sì ní jẹ́ kí o gbé e padà. O ti rò ó dáadáa."

"Otis."

"Rárá, Vern. Bí mo bá gbà á, orí pẹpẹ mi ló máa wà. Lọ́jọ́ tí mo bá kú, àwọn ọmọ mi á dà á nù. Wọn ò ní mọ ohun tó jẹ́." Ó jókòó sórí garawa kan tó dojú dé. "Kí ló dé tí o ò jẹ́ ká fọ́n ọn sí ibi tó ní ká fọ́n ọn sí?"

"Ó ní kí n má fọwọ́ kàn án."

"Torí pé o máa ń da nǹkan nù ni. Gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀."

Vernon yí agolo náà lọ́wọ́. "Bí a bá fọ́n ọn, ó tán nìyẹn. Ẹnikẹ́ni ò lè po irú ẹ̀. Ìkán-ìkán ló ń kán an sí i, kò kọ ọ́ síbì kankan."

"Òótọ́ ni. Ó tán nìyẹn." Otis kò wá ọ̀rọ̀ dídùn kan bò ó mọ́lẹ̀. "Bí a ò bá fọ́n ọn ńkọ́? O ti gbọ́ rí pé ọ̀dà ń pọ̀ sí i nínú agolo?"

Ó kó epo àti bátìrì náà sínú ọkọ̀ rẹ̀, ó lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́, Krista pè é lórí fóònù. Vernon jókòó sórí àtẹ̀gùn, nítorí àga kankan kò sí nílé mọ́.

"Dádì, ẹ ti jẹun?"

"Mo jẹ pierogi tí aládùúgbò gbé wá."

"Mélòó?"

"Ìwọ náà ti di dókítà." Lẹ́yìn náà ló sọ ọ̀rọ̀ agolo náà fún un.

"Mo rò pé ẹ ti kun ilẹ̀kùn yẹn tipẹ́. Kí ló dé tí ẹ ò kùn ún?"

Vernon wo yàrá òfìfo náà, níbi tí ojú ibi tí wọ́n gbé àwòrán kọ́ sí ti funfun ju ògiri yòókù lọ. "Bó ṣe wà yẹn, iṣẹ́ ìyá ẹ ṣì kù nílẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kù nílẹ̀, ó dà bí ẹni tó máa padà wá ṣe é."

Nígbà tí Krista sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yí padà díẹ̀. "Dádì mi, ẹ rántí ìgbà tí Mọ́mì kun yàrá mi? Ẹ ní kó wá jẹun, ó ní ó ku igun kan. Oúnjẹ tutù, ẹ tún un gbé kaná, ó tún tutù. Kò lè rí iṣẹ́ àbọ̀ kó sì fara dà á."

"Mo rántí."

"Ọdún mẹ́rin, Dádì."

Lẹ́yìn tí wọ́n kí ara wọn pé ó dàárọ̀, ó pe Otis. "Gbé ẹ̀rọ tí o fi ń fọ́n ọ̀dà yẹn wá lọ́la," ni gbogbo ohun tó sọ.

Ní òwúrọ̀ Wẹ́sìdeè wọ́n fi bébà oníyanrìn fá ojú ọ̀dà eérú náà, wọ́n fi ìwé ìròyìn bo gíláàsì àti ara ọkọ̀ tó kù, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn gáréèjì sílẹ̀ gbayawu. Otis fi ìdí ṣíbí ṣí agolo. Àwọ̀ náà ti silẹ̀ bí ògì, omi rẹ̀ dá dúró lókè. Òórùn rẹ̀ tú jáde, òórùn ara Bertie nígbà tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, Vernon sì ní láti di ẹ̀gbẹ́ tábìlì mú. Otis ń rò ó lọ, kò gbójú sókè, títí àwọ̀ fi gòkè wá láti ìsàlẹ̀ agolo. Ó sẹ́ ẹ sínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọ́n ọ̀dà, ó sì na ẹ̀rọ náà sí Vernon.

"Èmi? Ẹ́ńjìnnì ni mo mọ̀."

"Ìwọ lò ń wà á lọ́jọ́ yẹn."

"Bertie ló ṣílẹ̀kùn."

"Ẹni tó ń wa ọkọ̀ ló jẹ̀bi. Mo ti fi ọdún mẹ́rin gbọ́ ẹjọ́ yín, mo ti dá a. Gbà."

Vernon gbà á. Otis dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó di ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ mú. "Má dúró lójú kan. Lọ. Padà. Bí ẹni ń fọwọ́ pa ẹṣin lára. Jìnnà sí i díẹ̀, o ò bá a jà. Bẹ́ẹ̀." Eérú náà ń wọlé lọ díẹ̀díẹ̀, àwọ̀ ewé àti omi ń bò ó. Wọ́n fọ́n ọn lẹ́ẹ̀kan, wọ́n dúró kó gbẹ, wọ́n fọ́n ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, ẹ̀rọ náà ń súfèé, atẹ́gùn nìkan ló ń jáde. Ọ̀dà ti tán, kò sì sí ibi kan tí kò dé.

Nígbà tó di ọ̀sán tó sì ti gbẹ dáadáa, wọ́n ti ọkọ̀ náà jáde sínú oòrùn, wọ́n ṣí ìwé ìròyìn kúrò. Vernon wò ó.

"Kò bá ara mu," ni ó wí. "Otis, mo ti bà á jẹ́."

Òótọ́ ni. Ilẹ̀kùn náà jinlẹ̀ ju ara ọkọ̀ tó kù lọ, ó tutù lójú, bí aṣọ tí wọn kò tíì sá sóòrùn rí. Otis lóṣòó, ó fi ojú kan wò ó, ó yí orí, ó tún wò ó.

"O ò ba nǹkan kan jẹ́. Bertie náà ò sì ṣì í. Ọkọ̀ ló ṣá. Sátidé mélòó lo ti gbé e sínú oòrùn láti ìgbà náà? Bó ṣe rí lọ́jọ́ tó po ọ̀dà yìí ló pò ó sí."

"Báyìí ló rí nígbà náà?"

"Báyìí gẹ́lẹ́."

Vernon gbé àtẹ́lẹwọ́ súnmọ́ ilẹ̀kùn náà, kò fi kàn án. Ojoojúmọ́ ló ń rí ọkọ̀ yìí, òun ló ń fọ̀ ọ́, òun ló ń nù ún, kò sì mọ̀ pé ó ń lọ. Ohun tó bá ń ṣá díẹ̀díẹ̀ lójú ẹni, ojú kì í rí i. Ó ti rò pé òun rántí gbogbo rẹ̀.

"Mo lè fi nǹkan tó ń mú ara ọkọ̀ dán pa ìyókù," ni Otis wí, "kó lè súnmọ́ ọn díẹ̀."

"Fi í sílẹ̀."

Ní òwúrọ̀ Tọ́sìdeè ni ọkọ̀ ńlá náà dé. Colleen ni orúkọ obìnrin tó wà á wá, ó tó ẹni àádọ́ta ọdún, ó fi pẹ́ńsù há etí. Ó yí Rambler náà po pẹ̀lú fọ́ọ̀mù, ó ń kọ gbogbo àpá tó bá lára rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà sọ lọ́la pé òun ló fà á. Ó kọ ibi tí òkúta ti ta níwájú. Ó kọ ibi tó ha lẹ́yìn. Ó dé ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ó dúró.

"Bàbá, ilẹ̀kùn yìí yàtọ̀ o. Ṣé kí n kọ ọ́ pé ó ní àléébù?"

"Rárá. Ìyẹn ló pé. Ìyókù ni kó o kọ."

Colleen wo Otis. Otis ń wo bàtà ara rẹ̀.

"Kò sí àyè fún ìyẹn nínú fọ́ọ̀mù, sà."

"Ó dáa, fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Obìnrin náà fi í sílẹ̀. Ó ní òun máa lo ogún ìṣẹ́jú kí òun tó tún àwọn ọkọ̀ tó wà lókè tò, pé kí bàbá náà mú ọkọ̀ rẹ̀ gbóná dè é.

Vernon wọlé, ó tan ẹ́ńjìnnì. Ó dún wẹ́rẹ́. Ó yí gíláàsì sílẹ̀, ó ní, "Otis, jẹ́ ká yí àdúgbò po lẹ́ẹ̀kan."

Otis lọ sí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, bó ti máa ń ṣe láti ọdún mẹ́rin yìí wá. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé kó má jókòó síwájú, níbi tí Bertie máa ń jókòó sí. Òun fúnra rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n.

"Iwájú," ni Vernon wí.

Otis jẹ́ kí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn padà dé. Ó rìn wá síwájú, ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò, iwájú àti ẹ̀yìn, bí ẹni fẹ́ wọ ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ṣé ó ti gbẹ?"

"Ó ti gbẹ. Wọlé."