Apá Ọ̀tún Tó Kù

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé nọ́ọ̀sì kì í bẹ̀rù, ẹ sọ fún un pé kò tíì rí Nọ́ọ̀sì tiwa ní ọ̀sán Sátidé ọjọ́ náà. Obìnrin tó ń gún géńdé lábẹ́rẹ́ láìṣẹ́jú ni, síbẹ̀ ó jókòó sórí àga oníke nínú yàrá ẹ̀yìn ilé-ìkàwé, ó gbá báàgì mọ́ àyà bí ẹni tí wọ́n fẹ́ jà lólè. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń hun wúùlù ló ń ṣe ìpàdé. Àlejò wọn ni Màmá Olówùú, tíṣà tó kọ ìwé pẹlẹbẹ tí gbogbo wọn fi kọ́ṣẹ́. Èyí tó wà lọ́wọ́ Nọ́ọ̀sì, ìyá rẹ̀ ló ni ín tẹ́lẹ̀, ó sì ti gbó débi pé sẹ́lótéèpù nìkan ló kù tó dì í mú.

Aṣọ òtútù kan ló wà nínú báàgì náà. Ìyá rẹ̀ ló ń hun ún fún bàbá rẹ̀. Ó parí ẹ̀yìn, ó parí iwájú, ó parí apá òsì. Ó hun apá ọ̀tún dé ìgbọ̀nwọ́, ikú sì dé. Ọdún méjì nìyẹn. Bàbá, tó jẹ́ awakọ̀ ojú irin kó tó fẹ̀yìntì, kò gbà kí wọ́n ra òmíràn fún òun. Bí òtútù bá mú un, á wọ ṣẹ́ẹ̀tì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, á máa gbọ̀n, á ní, "Ìyá yín ń bá mi hun ọ̀kan. Mò ń dúró dè é." Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí, wọ́n fi í sílẹ̀.

Nọ́ọ̀sì bá ní òun á parí rẹ̀. Ó hun ún lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó tú u lẹ́ẹ̀mejì. Òwú kan náà ni, abẹ́rẹ́ kan náà ni, àmọ́ níbi tí ọwọ́ ìyá parí sí tí ọwọ́ ọmọ ti bẹ̀rẹ̀, ìlà kan yọ gbọọrọ bí ojú àpá. Ti ìyá le, ó sì fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Tọmọ tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó gbé e lọ bá Alága ẹgbẹ́, obìnrin tí kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Alága wò ó lẹ́ẹ̀kan péré.

"Kò bára mu. Tú gbogbo ẹ̀, kó o bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Òwú ṣá ni, kò ní sunkún."

Òwú kò sunkún lóòótọ́. Nọ́ọ̀sì ló sunkún nínú balùwẹ̀ nígbà tó délé. Bó bá tú u, kí ló kù láyé tí ọwọ́ ìyá rẹ̀ ṣe? Bí kò bá sì tú u, bàbá á máa gbọ̀n. Abéèrè kì í ṣìnà, ló bá pinnu pé Màmá Olówùú ni òun á bi, ohun tí wọ́n bá sì sọ ni òun á ṣe. Ìdí nìyí tó fi gbá báàgì mọ́ àyà. Bí Màmá Olówùú náà bá ní kó tú u, ó parí nìyẹn.

Màmá Olówùú wọlé. Nọ́ọ̀sì ti rò pé wọ́n á ga. Obìnrin náà fi díẹ̀ ga ju tábìlì lọ ni, ó so awò ojú méjì kọ́ ọrùn, ó sì ń wá ẹ̀kẹta. Nígbà tó kan Nọ́ọ̀sì, ó kàn na aṣọ náà síwájú. Alága ló bá a sọ ọ́.

"Mo ti ní kó tú u, Màmá. Kò gbọ́."

Màmá Olówùú gba aṣọ náà. Ó yí inú aṣọ náà síta, torí ẹ̀yìn iṣẹ́ ló máa ń kọ́kọ́ wò. Ó ní iwájú aṣọ lè máa tanni, ẹ̀yìn rẹ̀ kò mọ irọ́ pa. Ó fi ìka tọ ojú òwú náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ta ló hun eléyìí?"

"Màmá mi ni, mà. Wọ́n ti ṣaláìsí."

"Pẹ̀lẹ́. Òdì ló hun ún o. Láti ojú àkọ́kọ́ dé ojú tó gbẹ̀yìn, òdì ni."

Alága mirí bí ẹni tó jàre. Nọ́ọ̀sì gbà pé ó ti parí nìyẹn. Ó nawọ́ láti gba aṣọ náà padà.

"Dúró ná. Ọwọ́ wo ni màmá ẹ fi ń kọ̀wé?"

"Ọwọ́ òsì, mà."

"Ta ló kọ́ wọn níṣẹ́?"

"Ẹ̀yin ni, mà. Inú ìwé yín ni wọ́n ti kọ́ ọ."

Màmá Olówùú bú sẹ́rìn-ín, ó rín in títí awò ojú kan fi já bọ́.

"Ẹ̀bi mi ni! Ọlọ́wọ́ ọ̀tún nìkan ni mo yà sínú ìwé yẹn. Ìyá ẹ fọwọ́ òsì ṣe é, ó wá ń yí òwú gba òdìkejì. Wò ó, gbogbo ojú rẹ̀ ló gbẹ́sẹ̀ lé ẹsẹ̀ bí ẹni tó ń gbafẹ́. Irú ẹ̀ kì í tètè fẹ̀. Ta ló ní ká tú u?"

Alága ṣàdédé rí nǹkan wò lójú fèrèsé.

"Kò sóhun tí a ó tú nínú iṣẹ́ ìyá ẹ. Tìẹ la ó tú, ọmọ mi."

Tìẹ la ó tú! Nọ́ọ̀sì kò gbọ́ ọ̀rọ̀ tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó fa òwú, iṣẹ́ oṣù kan gbáko sì ń tú sórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń nu ojú. Ara tù ú débi pé ó gbàgbé báàgì sílẹ̀ẹ́lẹ̀, àwọn èèyàn sì ń tẹ̀ ẹ́ kọjá. Màmá Olówùú fi abẹ́rẹ́ sí i lọ́wọ́, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Má gba òkè. Abẹ́ ni kó o gbà. Ẹ̀n-ẹ́n."

Ìlà kìíní wọ́. Ìkejì sàn díẹ̀. Nígbà tó di ìkẹrin, ojú òwú ti ń gbẹ́sẹ̀ lé ẹsẹ̀, àpá gbọọrọ yẹn kò sì sí níbẹ̀ mọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, bàbá wọ aṣọ náà láàárọ̀. Ó fi àtàǹpàkò tọ apá ọ̀tún láti èjìká dé ọrùn ọwọ́, ó tún tọ̀ ọ́ padà.

"Nọ́ọ̀sì, ibo ni ìyá ẹ bá a dé?"

Nọ́ọ̀sì di apá aṣọ náà mú, ó wò ó, ó yí etí rẹ̀ síta, ó tún wò ó.

"Mi ò mọ̀ ọ́n mọ́, Bàbá."

Bàbá de bọ́tìnnì méjèèje, ọ̀kan tẹ̀ lé ọ̀kan. Ó jókòó. Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n bá òun ṣí fèrèsé, ooru ń mú òun.