Irin Róbótó Ìdí Mísáìlì

Báyọ̀dé ti kọ ojú ìwé méjì àbọ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ tó dúró. Aago méjì ọ̀sán ti lù. Ilé ìfìwéránṣẹ́ Ìkòtún á tì ní aago mẹ́rin, bí ìdáhùn ìdánwò rẹ̀ kò bá sì gba òǹtẹ̀ lónìí, àwọn olùdánwò ò ní yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọdún mọ́kànlá ló fi ń so mísáìlì mọ́ abẹ́ apá ọkọ̀ òfurufú ogun tí ìjọba wa rà lọ́wọ́ àwọn Rọ́ṣíà kí àwọn ológun tó dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ilé ẹ̀kọ́ kan ní Akówónjọ fẹ́ gbà á ṣe olùkọ́, bó bá mú ìwé ẹ̀rí wá. Ó ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì nínú ìdánwò ẹ̀kọ́ onílẹ́tà tó máa fún un ní ìwé ẹ̀rí ọ̀hún. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé; kò sí ẹ̀ẹ̀kẹrin.

Ó ti kọ ọ́ pé ní 1958, mísáìlì Amẹ́ríkà kan ba ọkọ̀ òfurufú àwọn Ṣáínà, ṣùgbọ́n kò bú gbàmù. Ó há sára ọkọ̀ náà, awakọ̀ sì gbé e délé. Ṣáínà fi í ránṣẹ́ sí Rọ́ṣíà, àwọn yẹn tú u ní nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ṣe tiwọn, K-13, tí ojú rẹ̀ ń tọ ooru ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ló da ìwé ẹ̀kọ́ kọ: irin róbótó mẹ́rin wà lára àwọn apá kéékèèké iwájú mísáìlì náà.

Irọ́ ni. Ìdí ni wọ́n wà. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń nù wọ́n fún ọdún mọ́kànlá.

"Kí ló dé, Bàbá Ọláídé?" Olúrẹ̀mí ìyàwó rẹ̀ ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìwé wọn ṣì í kọ. Mo sì dà á kọ."

"Ẹ̀yin tí ẹ ní a kì í bá ìwé jiyàn! Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ jàre. Ìwé yẹn náà ni wọ́n á fi máàkì."

"Ohun tí wọ́n kọ fún mi lẹ́ẹ̀mejì ńkọ́? 'O kàn da ìwé wa kọ.'"

Olúrẹ̀mí gbé àwo ẹ̀gúsí sílẹ̀. "Ìwé olóǹtẹ̀ tí wọ́n ní kí ẹ máa kọ ìdáhùn sí, òmíràn ò sì sí mọ́?"

"Ìdajì ojú ewé ló kù."

Ó fa ìlà pa gbólóhùn náà. Ó kọ ọ́ wínníwínní: ìdí ni irin róbótó eléyín náà wà, atẹ́gùn ló ń yí wọn. Bí mísáìlì bá fẹ́ máa yí lórí ara rẹ̀, irin náà á ti etí apá ìdí mísáìlì sí òdìkejì, mísáìlì á sì dúró ṣánṣán. Ó fi kún un pé àràárọ̀ lòun máa ń fi ìka yí ọ̀kọ̀ọ̀kan wò lẹ́nu iṣẹ́, kò sí ìwé tó kọ́ òun.

Ìlà tó gbẹ̀yìn kan ìsàlẹ̀ ìwé. Kò tún un kà. Ó fi itọ́ lẹ àpòòwé, ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, ó sì sáré jáde sí títì.